Wáyà Tó Wà Lára Òṣùwọ̀n Bàbá

Fọ́tò Bàbá tí a gbé kọ́ ògiri pálọ̀ kò jọ wọ́n. Ẹni tó yà á ló ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ṣe bí ó ti wí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ bàbá mi àgbà ní Pobẹ̀ tó lè sọ ibi tí òun ti rí ẹ̀rín yẹn rí. Ojú tí èmi mọ̀ mọ́ wọn ni ojú ẹni tó ń tẹ́tí sí ohun kan tó fẹ́ bàjẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ wọ́n, kí ó fi fọ́tò sílẹ̀, kí ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ó wo òṣùwọ̀n irin tó dúró ti ògiri níbẹ̀.

Òṣùwọ̀n èkùrọ́ ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Bàbá ṣì ń ra èkùrọ́ lọ́wọ́ àwọn obìnrin abúlé, àpò ńláńlá ni wọ́n ń gbé kà á. Ó ní pákó pẹlẹbẹ nísàlẹ̀, ó ní apá irin gígùn lókè, ọmọ irin kékeré kan sì ń rìn lórí apá náà láti sọ bí ẹrù ṣe wúwo tó. Ọjọ́ tí Bàbá fi òwò èkùrọ́ sílẹ̀, wọ́n mú wáyà, wọ́n so ọmọ irin yẹn mọ́ ojú kan ṣoṣo. Láti ìgbà náà ni òṣùwọ̀n kò ti sọ iye mọ́. Bí apá irin bá dọ́gba, ẹrù ti tó nìyẹn. Bí kò bá gbéra, kò tíì tó.

Ẹ̀rọ ni wọ́n wá ń wọ̀n. Mi ò mọ orúkọ mìíràn tí mo lè fún iṣẹ́ náà. Àwọn tó ń fi alùpùpù gbé èrò, tí a ń pè ní zémì, kì í fẹ́ ra alùpùpù àlòkù láìjẹ́ pé Bàbá ti gùn ún. Ẹni tó ń tà á á ní ó lágbára, á ní kì í mu epo, á yí ọwọ́ rẹ̀ kí ariwo gba àdúgbò kan. Bàbá kì í dá a lóhùn. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ mọ̀: bí a bá fún ẹ̀rọ yìí ní ìwọ̀n epo kan, tí a sì di ẹrù kan lé e, báwo ni yóò ṣe gbé ẹrù náà jìnnà tó kí epo náà tó tán?

Wọ́n á ti ẹnu táńkì pa. Wọ́n á rọ ẹ̀sáǹsì sínú ìgò kékeré kan dé ibi tí wọ́n so òwú pupa mọ́ lára rẹ̀, wọ́n á dojú ìgò náà dé, wọ́n á so ó mọ́ ọwọ́ alùpùpù, bí wọ́n ṣe ń so omi tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára. Róbà tẹ́ẹ́rẹ́ ló máa ń gbé epo láti ìgò lọ sínú ẹ̀rọ. Bàbá á jókòó síwájú. Màmá, ìyàwó wọn, á jókòó sẹ́yìn, á gbé àpò àgbàdo lé itan. Kí wọ́n tó gùn ún, àwọn méjèèjì àti àpò náà á kọ́kọ́ dúró pọ̀ lórí òṣùwọ̀n, èmi á sì máa fi tóńgólò, agolo tí a fi ń wọn àgbàdo, bù kún àpò tàbí kí n bù kúrò níbẹ̀, títí apá irin á fi dọ́gba. Ẹrù gbogbo ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ jẹ́ bákan náà. Bí Màmá bá jẹ iyán àná jù, àgbàdo á dín. Bí wọ́n bá ti gbààwẹ̀ nínú ìjọ, àgbàdo á pọ̀ sí i.

Ọ̀nà Sakété ni wọ́n máa ń gbà. Ibi tí epo bá tán sí, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti sọ irú ẹni tó jẹ́. Èyí tí kò dára á kú kí wọ́n tó dé Ìkpínlẹ̀. Èyí tó dára á gbé wọn dé ibi tí wọ́n ti ń rí òrùlé Sakété. Lẹ́yìn náà wọ́n á rọ ìgò kejì, wọ́n á kọjú sílé. Èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò lè ní sùúrù fún, nítorí nígbà ọyẹ́, atẹ́gùn á ti ẹ̀rọ lẹ́yìn nígbà tí ẹ bá ń lọ, á sì gbá a lójú nígbà tí ẹ bá ń bọ̀. "Èyí tó lọ nìkan," Bàbá máa ń wí, "àbọ̀ ọ̀rọ̀ ló sọ."

Títí di òní, bí ọmọkùnrin kan bá ra alùpùpù ní Pobẹ̀, ohun tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á bi í ni, "Níbo ló dá Bàbá dúró?"

Àwọn ènìyàn ní ọgbọ́n ni. Èmi tí wọ́n tọ́ dàgbà mọ̀ pé ẹ̀rù ni. Ẹ̀rù ohun gbogbo tó ń ṣiṣẹ́ ló ń ba Bàbá, nítorí ohun tó ń ṣiṣẹ́ lè ṣíwọ́. Aṣọ ni mo ń rán, mo sì máa ń lọ ra aṣọ ní Àjàṣẹ́. Bí mo bá ń bọ̀, kí ọkọ̀ èrò tí mo wọ̀ tó kọjá Takọn, Bàbá á ti pè mí lórí fóònù. Wọn kò ní bi mí bóyá mo ti jẹun. "Ṣé ẹ̀rọ ọkọ̀ náà ń dún dáadáa?" ni wọ́n á wí, èmi á sì na fóònù síwájú kí wọ́n gbọ́ ọ fúnra wọn, tí àwọn èrò á máa wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Lọ́jọ́ kan mo ṣèèṣì sọ pé ọkọ̀ ń wúkọ́ díẹ̀ bí ó bá ń gun òkè. Wọ́n ní kí n sọ̀ kalẹ̀. Mo bẹ̀, mo bínú, mo sọ̀ kalẹ̀ ní Takọn pẹ̀lú ẹrù aṣọ lórí, oòrùn sì pa mí dáadáa. Ọkọ̀ náà dé Sakété láìsí wàhálà, ó tún dé Pobẹ̀ ṣáájú mi. Mo délé, mo sì sọ ọ́ fún wọn pẹ̀lú ìbínú.

"Inú mi dùn fún wọn," ni Bàbá wí. "Ṣùgbọ́n ìwọ ni mo ní."

Mo bi wọ́n rí pé níbo ni ẹ̀rù yìí ti wá, nítorí èmi náà ti jogún rẹ̀. Bí mo bá ti tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tán, mo ní láti padà lọ dì í mú wò bóyá ó tì lóòótọ́. Mo rò pé wọ́n á sọ ìtàn kan fún mi, ìtàn ọ̀nà tàbí ìjàǹbá ìgbà èwe wọn. Wọ́n ronú títí, wọ́n wá ní, "Ìwọ náà ò ṣáà mọ ibi tí tìẹ ti wá."

Ìjà Bàbá kò pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bá jà, ìlú á gbọ́. Inú ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n wà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́, tí a kì í wọ bàtà wọ inú rẹ̀. Ní ọjọ́ ìsinmi kan, olùṣọ́ ìjọ wa ń wàásù lọ, ẹ̀rọ iná ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ilé kí gbohùngbohùn lè máa dún. Mo rí Bàbá tí wọ́n dìde pẹ̀lú aṣọ funfun wọn, ẹsẹ̀ lásán, wọ́n jáde. Ẹ̀rọ náà dákẹ́. Ohùn olùṣọ́ já sáfẹ́fẹ́. Nígbà tí Bàbá wọlé padà, búgì ẹ̀rọ náà, irin kékeré tó ń ṣáná sí epo, wà lọ́wọ́ wọn, ó dúdú bí ìdí ìkòkò, wọ́n sì ti fi etí aṣọ funfun wọn nù ún. Olùṣọ́ bi wọ́n bóyá ọwọ́ èṣù ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. "Ẹ máa wàásù lọ, Bàbá Olùṣọ́," ni wọ́n dá a lóhùn. "Olúwa ń gbọ́ yín. Ẹ̀rọ tó ń mu epo láìjó o tán ni n kò lè fara da igbe rẹ̀ mọ́." Màmá ló fọ aṣọ náà títí, tí àbàwọ́n rẹ̀ kò sì lọ.

Ẹni tí wọ́n ń bá jà jù ni Àlàájì, ọ̀rẹ́ wọn láti Sakété, tó ń ta alùpùpù àlòkù. Àlàájì á gbé alùpùpù dídán wá, á ti fi epo ra á lára, ìgò á sì tán kí wọ́n tó jáde ní Pobẹ̀ dáadáa. Nígbà náà ni àlàyé á bẹ̀rẹ̀: ọ̀nà kò dára, ẹ̀sáǹsì kpáyò, epo fàyàwọ́ ẹ̀bá ọ̀nà yìí, kò mọ́, ẹrù pọ̀ jù. Ìgbà kan ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ìyàwó yín ló sanra." Màmá sì wà níbẹ̀. Màmá kò fún Àlàájì ní omi mu títí oṣù yẹn fi parí. Síbẹ̀ kò sí ẹlòmíràn tí Bàbá lè bá jókòó, kí àwọn méjèèjì dákẹ́, kí wọ́n máa gbọ́ ẹ̀rọ tó ń kọjá lójú títì, kí wọ́n máa sọ èyí tí ẹ̀rọ rẹ̀ fẹ́ kú.

Àlàájì náà ló rí i. Ó gbé alùpùpù pupa kan wá nígbà tí ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ti rí ẹni tó fẹ́ rà á, ọkùnrin kan tó ní ọmọ wẹ́wẹ́ nílé. Bàbá àti Màmá gun òṣùwọ̀n. Mo ń bu àgbàdo sínú àpò, mo ń bù ú, apá irin kò gbéra. Àlàájì wò mí títí, ó ní, "Àpò yìí ti ń tóbi o."

Gbogbo wa wo àpò. Tẹ́lẹ̀, bí ológbò tó sùn lórí itan Màmá ló máa ń rí. Nísinsìnyí Màmá gbá a mọ́ra pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, àgbọ̀n wọn sì kan ẹnu rẹ̀. Àpapọ̀ àwọn méjèèjì ti fúyẹ́, àgbàdo ló ń dí àlàfo náà, èmi sì ni mò ń bù ú. Bàbá sọ̀ kalẹ̀ lórí òṣùwọ̀n. Wọ́n yí ojú sí Màmá. Wọ́n ní kí Àlàájì fi alùpùpù náà sílẹ̀, kí ẹni tó fẹ́ rà á ní sùúrù.

Láti ọjọ́ yẹn, ilé wa kò fara rọ mọ́. Bàbá á jókòó síwájú Màmá bí wọ́n bá ń jẹun, wọ́n á máa ka òkèlè Màmá. Ẹran tó wà nínú àwo Bàbá, wọ́n á mú un sínú ti Màmá. Ẹja, bákan náà. Bí Màmá bá wúkọ́, Bàbá á dìde. Màmá ní ara òun le, wọ́n ní ìró òun kò tú, ẹ wá wò ó. Bàbá kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́.

"Òṣùwọ̀n ti sọ̀rọ̀, Ìyá Jọ́sẹ́," ni wọ́n ń wí.

Èmi náà ń ṣọ́ Màmá. Mò ń wo ẹ̀yìn ọrùn wọn, mò ń wo ọwọ́ wọn bí wọ́n bá ń fọ àwo. Mò ń jí lóru, mò ń lọ dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá wọn láti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. Ọyẹ́ mú gan-an lọ́dún náà, Bàbá wọ ẹ̀wù méjì lé ara wọn, a ní òtútù ni. Ní ọjọ́ ìsinmi, aṣọ funfun wọn fẹ̀, ta ni yóò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀?

Nígbà tó yá, Bàbá fi agbára mú Màmá lọ sílé ìwòsàn. Mo tẹ̀lé wọn. Nọ́ọ̀sì gbé Màmá ka òṣùwọ̀n ilé ìwòsàn, ó gba ẹ̀jẹ̀ wọn, ó ní kí a dúró. Bàbá kò lè jókòó. Wọ́n ń rìn lọ, wọ́n ń rìn bọ̀, wọ́n ń padà wá di etí ìró Màmá mú bí ọmọdé. Nígbà tí nọ́ọ̀sì padà dé, ó ní kò sí nǹkan kan tó ṣe Màmá. Ara wọn le, wọ́n tilẹ̀ wúwo díẹ̀ ju bó ti yẹ lọ.

"Kò lè rí bẹ́ẹ̀, dọtóò," ni Bàbá wí fún nọ́ọ̀sì náà. "Òṣùwọ̀n ilé mi ti sọ̀rọ̀."

Màmá dìde lórí bẹ́ǹṣì. "Òṣùwọ̀n sọ̀rọ̀," wọ́n ní, "ṣùgbọ́n kò dárúkọ ẹnì kankan. Dọtóò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọn Bàbá Jọ́sẹ́ náà wò."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo rí ẹ̀rín inú fọ́tò lójú wọn nìyẹn, ẹ̀rín ẹni tí wọ́n ní kó rẹ́rìn-ín. "Èmi ni mò ń wa alùpùpù," wọ́n ní. "Ta ní ń wọn ẹni tó ń wà á?"

Màmá fúnra wọn bọ́ ẹ̀wù òkè lọ́rùn Bàbá. Mo rí egungun ìhà Bàbá, mo sì yí ojú sí ògiri.

Àìsàn tó wà lára Bàbá ti rìn jìnnà. Wọ́n dá wọn dúró síbẹ̀, wọ́n so omi mọ́ wọn lápá, ìgò tí a dojú rẹ̀ dé pẹ̀lú róbà tẹ́ẹ́rẹ́. Bàbá tẹjú mọ́ ọn. Wọ́n ní kí n wá òwú pupa so mọ́ ọn kí àwọn lè mọ bó ṣe ń lọ sí. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, èmi kò lè rín. Mo so òwú náà. Bí wọ́n bá tají, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ bi mí ni, "Níbo ló dé?"

Ohun tí mo fẹ́ kí ìlú rántí nípa wọn ni ohun tí wọ́n ṣe nígbà tí a gbé wọn padà sílé. Alùpùpù pupa Àlàájì ṣì wà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àlàájì fúnra rẹ̀ wá, ó ní kí Bàbá má ṣe ìyọnu, òun á gbé e lọ síbòmíràn. Bàbá ní rárá, àwọn ti ní kí ọkùnrin náà dúró, ó sì ní ọmọ nílé. Ẹni kan wà tí yóò wà á: èmi. Wọ́n ní àwọn á jókòó sẹ́yìn, àwọn á di ẹrù. Àlàájì sunkún lójú wa, àgbàlagbà ọkùnrin, kò sì fi ojú pamọ́.

Èmi àti Bàbá dúró pọ̀ lórí òṣùwọ̀n, Màmá bu àgbàdo. Wọ́n bù ú títí àpò fi kún, wọ́n tún wá àpò kejì. Mo gun alùpùpù, Bàbá gùn ún lẹ́yìn mi, a di àpò méjèèjì sẹ́yìn wọn, a fi gèlè Màmá de Bàbá mọ́ mi níbàdí nítorí ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á já bọ́.

Mo ti wa alùpùpù gba ọ̀nà náà rí, ṣùgbọ́n mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo kòtò ló di ọ̀tá mi. Mò ń wo iwájú, mò ń wo ìgò, mò ń gbọ́ èémí Bàbá létí mi, mi ò mọ èyí tó yẹ kí n ṣọ́ jù. Bí mo bá fẹ́ yára kí n lè tètè dé, wọ́n á fi ìka kàn mí lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Rọra. Jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀." A kọjá Ìkpínlẹ̀. Ọ̀pẹ ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ìgò sì ń fà lọ. Nígbà tí òrùlé Sakété yọ, ẹ̀rọ wúkọ́, ó wúkọ́, ọwọ́ mi sì sáré lọ sí ẹnu táńkì láti ṣí i. Mi ò fẹ́ kí ohunkóhun kú lábẹ́ wa lọ́jọ́ yẹn. Bàbá di ọwọ́ mi mú. A dúró. Ibi gbogbo pa rọ́rọ́.

"Ó dára," wọ́n ní. "Kí ó rà á."

Mo ní, "Bàbá, ó ti rẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí n pe ọkọ̀ kí a fi padà."

"Ìgò kan ṣì kù, Àbẹ̀kẹ́. A ò tíì padà."

A sì padà, pẹ̀lú atẹ́gùn lójú. Ọkùnrin náà ra alùpùpù, ó ṣì ń gùn ún di òní. Bàbá kú kí ọyẹ́ tó lọ, lọ́sàn-án, ní ọjọ́ ọjà. Ìjọ sin wọ́n pẹ̀lú aṣọ funfun, olùṣọ́ sì pa ẹ̀rọ iná fúnra rẹ̀ kí ó tó gbàdúrà.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni ẹ̀rù wá bà mí jù. Màmá kò jẹun. Wọ́n á bu òkèlè, wọ́n á fi í sílẹ̀. Wọ́n á mú ẹran sí ẹ̀gbẹ́ àwo, ibi tí àwo Bàbá máa ń wà, wọ́n á sì dìde. Mo se ohun tí wọ́n fẹ́ràn, mo bẹ̀ wọ́n, mo bá wọn jà. Èmi náà kò lè gbé nǹkan mì, mo kàn ń wò wọ́n. Mo ti mọ bí ènìyàn ṣe ń tán lójú ẹni tó ń ṣọ́ ẹlòmíràn, mo sì rò pé yóò tún ṣẹlẹ̀ níwájú mi.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan gbé alùpùpù wá láti Ìta-Ìjẹ̀bú. Kò tíì gbọ́. "Ẹ kúulé o," ó ní. "Wọ́n ní Bàbá tó ń wọn alùpùpù ń bẹ níbí." Mo fẹ́ sọ fún un kí ó máa lọ. Màmá ti jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n wo alùpùpù náà, wọ́n wo òṣùwọ̀n, wọ́n gun orí pákó rẹ̀.

Mo gùn ún lẹ́yìn wọn, mo dúró sí ibi tí Bàbá máa ń dúró sí. Apá irin kò gbéra. Mo na ọwọ́ sí tóńgólò.

"Fi àgbàdo sílẹ̀," Màmá wí. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀. "Lọ mú ẹ̀mú wá, kí o tú wáyà yìí."

Wáyà náà ti dípẹtà mọ́ irin. Mo fi ẹ̀mú yí i títí ó fi já, ọmọ irin kékeré yẹn sì sún fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú.

"Ó yá, Màmá, ẹ gùn ún," mo wí.

"Ìwọ kọ́kọ́ gùn ún. Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ó máa wọn ara wa nílé yìí."

Mo gùn ún. Màmá fi ìka ti ọmọ irin náà díẹ̀díẹ̀, wọ́n dẹ etí sí i, ojú Bàbá sì ni wọ́n fi ń wò ó. Ó ń padà sẹ́yìn, síbi iye tó kéré, ó tún padà sẹ́yìn, kí apá irin tó dọ́gba. Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n yí sí ọkùnrin Ìta-Ìjẹ̀bú, wọ́n ní kí ó jókòó, kí ó dúró dè wá.

"Ó kéré," wọ́n ní, wọ́n sì di ọwọ́ mi mú. "Sọ̀ kalẹ̀, jẹ́ ká lọ jẹun."